Sí Bàbá Mi, Tó Ṣe Bàbá Ìjọ fún Sọ́ńdè Mọ́kànlá

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga kíṣìnì ni mo jókòó sí tí mo ti ń kọ èyí. Ilé kò burú. Mọ́mì wà ní pálọ̀. Wọ́n ṣì ń po tíì ife méjì láràárọ̀, wọ́n á wá mu méjèèjì fúnra wọn kí ó má bàa ṣòfò, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ṣúgà pa àwọn. Oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ ti lọ.

Ìròyìn kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín, ohun kan sì wà tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án nínú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìròyìn, torí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi ìparí ìtàn ṣe ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ máàkì márùn-ún lára tirẹ̀.

Wọ́n ní kí n wá jẹ Bàbá Ìjọ.

Sátidé kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ni Bràdá Fẹ́mi wá sílé pẹ̀lú méjì nínú Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò yí padà láti ìgbà yín. Àmùrè pupa ṣì wà ní ìdí wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Àwọn ló ṣì ń to àga, àwọn ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, àwọn ló ń di ẹni tí ẹ̀mí bá gbé mú kó má fi orí gbá ilẹ̀. Àwọn náà ló sì ṣì ń yan Bàbá Ìjọ tí wọ́n ń yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú ìwé òfin ìjọ. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jẹ lẹ́yìn ikú Bàbá Ìjọ àkọ́kọ́. Mẹ́rin ti jẹ lẹ́yìn yín. Ẹ̀kẹrin, Bàbá Ògúndípẹ̀, kò tíì pé ọdún kan lórí àga.

“Ìwọ la fẹ́,” ni Bràdá Fẹ́mi wí fún mi. “Bàbá yẹn ti rẹ̀. Ìjọ ò lọ síwájú.”

“Kí ni wọ́n ṣe?”

“Wọn ò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn gan-an lẹjọ́ wọn.”

Mọ́mì ló ń gbé omi bọ̀ láti kíṣìnì. “Fẹ́mi, ṣé àga yẹn máa ń jóni ní ìdí ni, tí ẹ fi ń pààrọ̀ ẹni tó ń jókòó lórí ẹ̀ bí ẹní ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ?”

“Mọ́mì, Ọlọ́run ló ń yàn.”

“Ṣé Òun náà ló ń yọ wọ́n ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba omi, ó mu ún tán. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló bá wa gbé pósí yín. “Mọ́mì,” ó ní, “orúkọ Dádì ṣì dùn lẹ́nu ìjọ. Bí wọ́n bá ti gbọ́ orúkọ yẹn, ọkàn wọn á balẹ̀. Ìdí tá a fi wá nìyẹn.” Ó yíjú sí mi. “Títí Tọ́sìdeè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kó o fún mi lésì.” Bí wọ́n ṣe ń lọ, wọ́n fi náílọ́ọ̀nù kan sílẹ̀ lórí àga. Sútánà ni, tuntun, wọ́n ti rán an sí ìwọ̀n mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn ló jẹ́ kí n lọ mú ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ ewé yín jáde lábẹ́ àwọn aṣọ òtútù. Ẹ kò fi han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú ilé wa? Ẹ̀yin tí ẹ fi ọdún mọ́kàndínlógún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní Ìkirè kí ẹ tó wá máa ti bẹ́ẹ̀dì kiri hòsípítù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Aláìsàn kan fi ìwé ńlá kan sílẹ̀ lórí fèrèsé wọ́ọ̀dù, ìwé àwọn Késárì Róòmù, nọ́ọ̀sì sì ní kí ẹ máa mú un lọ. Ẹ fi odidi ọdún kan kà á. Ẹ máa ń fi rúlà sábẹ́ ìlà tí ẹ ń kà, bí ẹ bá sì ṣí ojú ìwé tuntun, ẹ máa ń fẹ́ ìka yín fùú bí ẹni tí ẹfun pátákó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ńláńlá kò wù yín. Ẹ fo àwọn tó kọ́ afárá àti àwọn tó kọ́ ìlú. Àwọn tí ọmọ ogun gbé gorí oyè tí wọn kò sì pẹ́ níbẹ̀ lẹ ń wá. Oṣù mẹ́ta, oṣù méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé aláwọ̀ ewé yẹn, ẹ kọ iye ọjọ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ní àárọ̀ Sátidé, bí ẹ bá ti ka Sáàmù tán, ẹ á ṣí i, ẹ á máa pe orúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run. Mo rántí ọjọ́ tí Mọ́mì kò lè mú un mọ́ra.

“Àwọn kèfèrí wo lẹ tún ń gbàdúrà fún láàárọ̀ kùtù?”

“Ta ló kù tó máa gbà á fún wọn?” lẹ dáhùn. “Wọn ò pẹ́ tó láti ní èèyàn.”

Alágbẹ̀dẹ kan wà nínú wọn. Wọ́n ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré ló lò, wọ́n sì ní idà tí òun fúnra rẹ̀ rọ ni ọmọ ogun fi pa á. Ẹ ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àhesọ, ṣùgbọ́n ẹ gbàdúrà fún un bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn mẹ́ta wà tí ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí yàn lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín ọdún kan. Wọ́n pa ti àkọ́kọ́, wọ́n pa èkejì lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ̀kẹta sì jẹ́ ṣójà lásán tí wọ́n yàn torí pé orúkọ rẹ̀ bá ti ọba àtijọ́ kan mu. Ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ ìyẹn. Bí Bràdá Fẹ́mi ṣe ń sọ pé orúkọ bàbá mi ṣì dùn lẹ́nu, ìlà pupa yẹn ni mò ń rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù ni Pertinax, tí ẹ̀yin ń pè ní Tíṣà. Ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ ṣe kó tó wọṣẹ́ ogun. Ó ṣe gómìnà ní ilẹ̀ yìí rí, àwọn ọmọ ogun ibí sì fẹ́ fi í jẹ ọba nígbà náà, ó kọ̀, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Nígbà tó ṣe, tó ti darúgbó, wọ́n tún gbé e wá ní Róòmù, lọ́tẹ̀ yìí ó gbà. Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ààfin yéé na àwọn ará ìlú. Ọjọ́ mẹ́tàdínláàdọ́rùn-ún ló lò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ náà fi pa á. Ẹ máa ń mi orí bí ẹ bá dé ibẹ̀. Ẹ ní ohun tó ń ṣe yín láàánú jù lára gbogbo wọn ni pé ẹni tí ọmọ ogun bá ti pariwo orúkọ rẹ̀, ó ti tán fún un. Bó bá gbà, wọ́n á pa á lọ́la. Bó bá kọ̀, wọ́n á pa á lónìí. Àwọn ènìyàn á wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ó fẹ́ràn oyè.

Ṣé ẹ rántí Sọ́ńdè tí wọ́n gbé yín? Bàbá Ìjọ àkọ́kọ́ ti kú, lẹ́tà tí à ń retí láti Nàìjíríà nípa ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kò dé. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ẹ̀kọ́ kìíní tán ni, ẹ ń wá ibi tí ẹ fi awò ojú yín sí, tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun fi yí yín ká. Wọ́n gbé yín tàgatàga. Ẹsẹ̀ yín kò kan ilẹ̀, ẹ ń kígbe pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ̀ yín kalẹ̀, ẹ ní iṣẹ́ láago méjì. Àwọn ènìyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ sí i. Èmi náà wà nínú ẹgbẹ́ nígbà náà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ àga ọ̀tún mú, níwájú. Inú mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé àga wúwo.

Kí ló dé tí ẹ gbà, Bàbá? Ní àdúgbò wa ní Thamesmead níbí, kò sẹ́ni tó máa fi idà pa yín bí ẹ bá kọ̀. Mo ti bi ara mi títí. Ní hòsípítù, pọ́tà lásán tó ń ti bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń pè yín láti òpin kọ́ridọ̀ kan dé òpin èkejì, ẹ̀yin tí àwọn gómìnà ọjọ́ iwájú ti dìde kí ní kíláàsì. Mo rí yín ní Sátidé tó tẹ̀lé e, tí ẹ ń lọ sútánà yín fúnra yín, tí ẹ kò jẹ́ kí Mọ́mì fọwọ́ kàn án. Ẹ ń súfèé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹ súfèé rí. Ṣé ìdí rẹ̀ nìyẹn? Bó bá jẹ́ òun ni, mi ò rí ohun tó burú nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ló dà á rú. Láyé ìgbà yẹn, bí a bá ti gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ tán, Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun á ti ilẹ̀kùn họ́ọ̀lù. Ẹni tó bá pẹ́ á dúró síta, ẹsẹ̀ lásán lórí kọnkéré, torí a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sútánà, títí wọ́n á fi ka gbogbo ẹ̀kọ́ tán. Àwọn wo ló sì ń pẹ́? Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú arúgbó ni, tí wọ́n ti iṣẹ́ òru bọ̀, tí bọ́ọ̀sì kò tètè gbé láti Woolwich. Ní Sọ́ńdè kẹrin yín, òjò dídì ń bọ́, ẹ gba ojú fèrèsé rí obìnrin kan tó ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì lórí bí adìẹ. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ẹ rìn kọjá láàárín gbogbo ìjọ, ẹ ṣílẹ̀kùn fúnra yín. Ẹ ní láti ọjọ́ náà lọ, kí ilẹ̀kùn máa wà ní ṣíṣí. Inú wa dùn, àfi àwọn yòókù tó ni àmùrè pupa. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títi ilẹ̀kùn, kí ló kù tó fẹ́ máa ṣe?

Wàyí o, Bàbá, ìjẹ́wọ́ mi rèé.

Ní Sọ́ńdè kọkànlá, lẹ́yìn ìwàásù, Bràdá Fẹ́mi bọ́ síwájú, ó ní ẹni tó bá gbà pé kí ìjọ wá Bàbá Ìjọ tuntun kó dìde. Ẹgbẹ́ dìde. Àwọn akọrin dìde. Mo rí i tí ẹ ń wo ìlà kan sí ìkejì láìyí orí padà, bí olùkọ́ tó ń ka iye ọmọ tó wá sí kíláàsì. Mo sì dìde.

Ohun tí mo sọ fún Mọ́mì ni pé ibi iṣẹ́ ni mò ń lọ, pé wọ́n kan ka ìdìde mi mọ́ tiwọn ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi náà, ó pẹ́. Mo tilẹ̀ mú báàgì mi dání. Ṣùgbọ́n aago méjìlá ni, Bàbá, iṣẹ́ mi kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di aago mẹ́ta. Ogún ìṣẹ́jú ni bọ́ọ̀sì. Mo lọ jókòó sí yàrá òṣìṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó, mo wo ẹ̀rọ tó ń gbóná omi fún wákàtí méjì. Mo dìde torí pé gbogbo ẹni tí mo mọ̀ dìde. Ojú ń tì mí láti nìkan jókòó. Kò sí ìdí mìíràn, mo sì ti wá a.

Ojú yín dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ rí mi. Lẹ́yìn náà ẹ bọ́ awò ojú yín.

Ẹ kò bi mí rí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹ sọ nípa rẹ̀ ni ohun tí ẹ fi ṣàwàdà lọ́jọ́ tí ẹ ṣírò ọjọ́ yín, ẹ ní Tíṣà fi ọjọ́ mẹ́wàá jù yín lọ. A jọ rẹ́rìn-ín. Ní hòsípítù, ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, mo ti la ẹnu láti sọ ọ́ nígbà tí pọ́tà kan wọlé láti gbé yín lọ ya fọ́tò àyà. Ẹ wò ó bó ṣe ń fa bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní kó kọ́kọ́ tú bíréèkì. Bí ẹ ṣe padà dé, oorun ti gbé yín lọ. Èmi náà jẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ẹ má rò pé mo kọ̀ lójú ẹsẹ̀ o. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi sútánà yẹn sílẹ̀, mo gbé e wọ ilé ìwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu. Mo dúró níwájú dígí, mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń súre. Mo rí yín nínú dígí yẹn, Bàbá, mo sì rò ó pé bóyá bí mo bá jókòó síbi tí wọ́n ti gbé yín kúrò, ohun tí mo ṣe á parẹ́. Mọ́mì kan ilẹ̀kùn. “Ṣé o ti di bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni? Èèyàn fẹ́ tọ̀.”

Ní Sátidé kejì, mo lọ bá Bàbá Ògúndípẹ̀ nílé wọn, nítòsí pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní Woolwich Common. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọ̀sán ni. Wọ́n ń gé èékánná ẹsẹ̀ wọn sórí ìwé ìròyìn.

“Wọlé. Bọ́ bàtà ẹ tó o bá fẹ́, ibí kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì.”

“Bàbá, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín.”

“Pé ìwọ ni wọ́n yàn?”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Télọ̀ ni. Ṣebí òun ló rán tèmi náà. Ó ní apá tìẹ gùn bí apá ọ̀bọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

“Ẹ ò bínú, sà?”

“Mo wa bọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Tí èrò bá ti dákẹ́, tí wọ́n ń kó ẹrù wọn jọ, ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá tẹ agogo kí n tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ sọ̀?” Wọ́n ká ìwé ìròyìn náà pọ̀ pẹ̀lú èékánná inú rẹ̀. “Bàbá ẹ ti sọ fún mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo gorí àga, ó gbé ọsàn wá fún mi níbí. Àìsàn ti ń ṣe é nígbà náà. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n tún ti ilẹ̀kùn yẹn, mi ò sì gbà fún wọn. Ó wá ní kí n má bẹ̀rù Sọ́ńdè tí wọ́n máa yọ mí. Ó ní Sọ́ńdè ò le. Mọ́ńdè ló le.”

Mo ní kí ló túmọ̀ sí.

“Ó ní ní Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e, òun múra iṣẹ́, òun jáde nílé, òun ò lè wọ hòsípítù. Òun jókòó sórí bẹ́ńṣì ní Common láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun ń wo àwọn ṣójà tó ń sáré ìdárayá. Ó ní gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù òun, òun wò ó, òun ò rí ẹni tí òun máa pè.”

Nọ́ńbà mi wà nínú fóònù yẹn, Bàbá. Èmi ni àkọ́kọ́.

Mo gba ojú Common padà sílé. Mo ń ronú nípa àwọn Késárì yín. Wọ́n pa gbogbo wọn lórí àga, nítorí náà kò sí ìkankan nínú wọn tó rí Mọ́ńdè. Ẹ̀yin rí i. Ẹ rí ọdún mẹ́sàn-án rẹ̀, ẹ ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ń jókòó sí ìlà kẹta, ẹ ń dìde fún ẹni tuntun bí wọ́n bá ti gbé e dé. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé aláwọ̀ ewé tó lè kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Tọ́sìdeè dé, mo pe Bràdá Fẹ́mi.

“Bràdá, mi ò lè jẹ ẹ́.”

“Ọlọ́run ń pè ẹ́, o ń sá? Ṣé Jónà ni ẹ́?”

“Ohùn yín ni mo gbọ́, sà. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.”

“Ṣé o rò pé tó o bá kọ̀, bàbá yẹn máa ríbi jókòó?”

“Mi ò rò bẹ́ẹ̀.”

“Kí wá lèrè ẹ níbẹ̀?”

Mo ní ó dàárọ̀, sà, mo pa fóònù. Tíṣà mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, idà ló kù. Èmi, ohun tó le jù tó lè ṣẹlẹ̀ sí mi ni pé àwọn kan kò ní kí mi mọ́ ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá lè kọ̀ láìkú, tí kò sì kọ̀, kí ló fẹ́ sọ?

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n ṣe é. Kí Bràdá Fẹ́mi tó sọ̀rọ̀ tán, mo na ọwọ́ sókè, mo ní èmi ni wọ́n kọ́kọ́ wá bá, mo sì kọ̀, torí pé bàbá yìí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ní wọ́n bi ìjọ léèrè báyìí nípa bàbá mi rí, mo bá wọn dìde, mo sì ń tọrọ àforíjì. Obìnrin kan sọ láàárín àwọn akọrin pé, “Ta ló bi í?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn mélòó kan kò dìde lọ́tẹ̀ yìí, àwọn tó máa ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Wọn kò pọ̀ tó. Wọ́n gbé Súnkànmí, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Mo wo ojú rẹ̀ lókè níbẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di apá àga mú pinpin. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́ fún Mọ́ńdè. Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí mo fi dé ilé Bàbá Ògúndípẹ̀. Wọ́n ti múra, kóòtù, táì, bàtà dídán, wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní wá. Mo ní Mọ́mì rán mi ní iṣu, mi ò sì mọ iṣu yàn, kí wọ́n jọ̀ọ́ tẹ̀lé mi. Irọ́ ni. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n mú fìlà. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Thamesmead, a rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi èékánná ha iṣu mẹ́fà lára kí wọ́n tó gbà fún ìkeje, ọlọ́jà sì ní ṣé wọ́n fẹ́ ra iṣu ni àbí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ nílà. Wọ́n rẹ́rìn-ín dáadáa, èyí tó ti inú wá.

Bí a ṣe ń padà, bọ́ọ̀sì fì wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní kọ́nà kan. Mo di wọn mú. “Bàbá Ìjọ, ẹ rọra.”

“Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹlòmíràn ló ń jẹ́ ẹ.”

“Kí ni kí n wá máa pè yín, sà?”

Wọ́n wo ìta láti ibùdó kan dé èkejì. Ẹ̀rù bà mí pé mo ti bi wọ́n ní ohun tí kò yẹ. “Kí wọ́n tó gbé mi,” wọ́n ní, “Bàbá Tósìn ni mò ń jẹ́.” Tósìn ni ọmọbìnrin wọn tó wà ní Leeds. Wọ́n tún un sọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán an wò bóyá ó ṣì bá òun mu.

“Bàbá Tósìn,” ni mo wí.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì gba iṣu lọ́wọ́ mi.

Bàbá, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè yín kí ẹ tó jẹ Bàbá Ìjọ. Òun náà ni wọ́n padà sí ní Mọ́ńdè yẹn. Fún ọdún mẹ́sàn-án, lójú títì Harrow Manorway, nínú bọ́ọ̀sì, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ ẹni tó dìde láti yọ yín ni gbogbo ayé fi ń kí yín. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí ẹ kò dáhùn.

Ẹ dárí jì mí.

Èmi ni,
ọmọ yín tí wọ́n fi ń pè yín.